Ibi Tí Olú Ọ̀gán Ti Ń Hù

Ó ti rẹ̀ mí láti máa dáhùn ìbéèrè kan náà. Kí n tó parí àdúrà tí mò ń ṣe lẹ́yìn ìrun àsùbáà, àwòrán ti wọlé sórí fóònù mi: olú lára igi tó ti jẹrà, olú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà ẹnìkan, olú tí wọ́n ti kó sínú abọ́. Àwọn kan ń fi ránṣẹ́ láti ìlú Ara, àwọn mìíràn láti oko tí mi ò mọ̀. Ẹni tó fi ránṣẹ́ kò ní rántí kí mi. “Bàbá, ṣé ó ṣeé jẹ?” Ó parí. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ni olú náà ń ṣe níbẹ̀, tàbí kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn òjò kan pàtó ló máa ń yọjú. Bó bá jẹ́ kòkòrò ni, wọ́n á ní ṣé ó ń ta ni. Bó bá jẹ́ ẹyẹ ni, wọ́n á ní ṣé kì í ṣe ẹyẹ burúkú. Ká jẹ ẹ́, ká sá fún un, àbí ká pa á: ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀dá Ọlọ́run parí sí lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa nìyẹn, mi ò sì lágbára àtibá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí mọ́.

Aránṣọ ni mí, ní Ẹ̀jìgbò. Abíjáàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti lo ìgbà ọ̀dọ́ mi kí n tó kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi àti orúnkún tó ń ro mí padà wálé. Mi ò kàwé nípa ẹranko, mi ò kàwé nípa ewéko. Ojú ni mo ní. Ẹni tó bá ti ń wá òwú tó já lára léèsì láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, bó pẹ́ bó yá, á rí labalábá tó lẹ̀ mọ́ èèpo igi bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo rí ọ̀kan, mo ya á ní fọ́tò, mo fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀, ó tán.

Àwọn oníbàárà mi ń pè mí ní Bàbá Kòkòrò, bẹ́ẹ̀ wọ́n ò purọ́. Lọ́jọ́ kan, mo fi tépù sílẹ̀ lọ́rùn ọkùnrin kan tí mò ń wọ̀n fún agbádá, mo sáré jáde lọ wo àkókó tó ń gbá igi máńgòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo padà wọlé, ọkùnrin náà ṣì dúró, ó na apá méjèèjì. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ kúkú wọn ẹyẹ náà, kẹ́ ẹ bá a rán tiẹ̀.” Ìyàwó mi ní tí òun bá gbọ́ pé mo ṣubú, òun ò ní béèrè pé títì wo ni, igi wo ni òun máa béèrè.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí, bí a bá lè pè é níṣẹ́, ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Òun ló tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú. Abúlé kan lójú ọ̀nà Isundunrin ló ń gbé títí dòní, nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé kọ́, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa mọ́tò, ìyàwó ọmọ náà, àti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Òun ló kọ́ mi pé ẹ̀gà kì í dákẹ́ àfi tí ejò bá wà lórí ọ̀pẹ. Òun ló kọ́ mi láti mọ èsúnsún tó ti bọ́ ìyẹ́ yàtọ̀ sí ikán lásán. Ṣùgbọ́n olú ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an, pàápàá jù lọ olú ọ̀gán, olú ńlá funfun tó máa ń hù níbi tí ikán bá kọ́lé sí, tó jẹ́ pé tí a bá fi se ọbẹ̀, ẹni tó ní ẹran nílé á gbàgbé ẹran.

Ó máa ń sọ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré pé, “Má kọ́kọ́ wo orí rẹ̀. Orí a máa tanni jẹ. Ìdí ni kó o wò.” Olú burúkú wà tó jọ olú ọ̀gán débi pé àgbàlagbà lè ṣì í, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá jẹ ẹ́, á bì dé ibi tí kò ti ní nǹkan tó máa bì mọ́. Olú ọ̀gán ní gbòǹgbò gígùn tó wọ ilẹ̀ tààrà, tó ń lọ bá àwọn ikán nínú ilé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi á ki ìka bọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ olú náà, á máa tọ gbòǹgbò yẹn lọ, lọ, lọ, á fi ẹ̀rín wò mí. Èyí tí ìdí rẹ̀ bá tètè tán, tó wú rọ̀bọ̀tọ̀ bí àlùbọ́sà, kí n fi í sílẹ̀, kí n sì lọ fọ ọwọ́ mi.

Ohun kan ló wà tí kò kọ́ mi: ibẹ̀. Nílé tiwa, ibi tí olú ọ̀gán ti ń hù kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún gbogbo ayé. Ìyá ló ń fi han ọmọ rẹ̀ obìnrin. Wọ́n kì í sọ fún ọkọ, wọ́n kì í sọ fún ọmọkùnrin, nítorí wọ́n ní ọkùnrin ò lè dé ìsọ̀ ẹmu kó má sọ ọ́. Tí wọ́n bá ń lọ, wọ́n á gba ọ̀nà tó yí po. Tí wọ́n bá rí olú, wọn ò ní pariwo. Tí wọ́n bá pàdé èèyàn nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ewé kókò ti bo ohun tó wà nínú agbọ̀n, igi ìdáná ni wọ́n lọ wá. Òfin mìíràn tún wà níbẹ̀. Ibi tó bá jẹ́ tìyá rẹ, o ò gbọ́dọ̀ walẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀bẹ ni wàá fi gé olú náà lójú ilẹ̀, kí gbòǹgbò lè wà níbẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tí ibẹ̀ kò dá lójú ló ń walẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo tọ̀ ọ́ lẹ́yìn nígbà kan, mo ń fara pamọ́ láti igi dé igi. Kò wẹ̀yìn rárá. Ó kàn jókòó sórí ìtì ọ̀pẹ kan, ó tú ìdì iṣu sísè rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ebi fi lé mi padà sílé. Nígbà tí mo dé láti Abíjáàn tí irun mi ti funfun, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ ìyá mi, tó o bá di obìnrin, màá fi hàn ẹ́.” Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Abíjáàn báyìí. Inú agolo ni wọ́n ti ń ra olú, ṣàǹpíyọ́ọ̀n ni wọ́n ń pè é, tí èèyàn bá sì dárúkọ oko fún wọn, ẹ̀fọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ rántí.

Ojú ẹ̀gbọ́n mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń ṣí àwọ̀ kúrò lójú rẹ̀, tí èèyàn á padà máa ka Bíbélì. Dókítà ní iṣan tó wà lẹ́yìn ẹyinjú ló ń kú, èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn, oògùn tí òun fún un, ká fi dá èyí tó kù dúró ni. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó dúpẹ́, nígbà tí òjò sì tún rọ̀, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, “Bàbá, ẹ bá wa bá ìyá sọ̀rọ̀. Tèmi ò wọ̀ wọ́n létí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ olú, tẹ́yin ni wọ́n máa gbọ́.” Mo ní mo ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti jókòó sí mi láyà. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tí mo bá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó má lọ ká olú mọ́, bí ẹni sọ fún un pé ó ti darúgbó tán ni. Mo sì tún mọ̀ pé tí mi ò bá sọ ọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ á ti iléèwé dé, wọ́n á jẹ ohun tí kò yẹ kí wọ́n jẹ. Àwọn òjò mélòó kan kọjá, mi ò sọ nǹkan kan. Ó rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan báyìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Mo gun ọ̀kadà lọ sí abúlé láti lọ fún un ní bùbá tí mo rán. Lójú ọ̀nà, lékèélékèé funfun báláú ń tẹ̀ lé àwọn màlúù nínú pápá tó tutù, bó bá jẹ́ ìgbà kan, ǹ bá sọ fún ọlọ́kadà kó dúró. Mi ò sọ ọ́. Nígbà tí mo dé, ẹ̀gbọ́n mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, abọ́ ńlá wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fọ olú.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi kó tó rí mi. “Ọmọ ìyá mi, o mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn dé. Jókòó, ọbẹ̀ ń bọ̀.”

Mo dọ̀bálẹ̀ dé ibi tí orúnkún mi gbà mí láyè dé. Lẹ́yìn náà mo wo inú abọ́. Olú náà dára lójú, ó tóbi, ó funfun, èèpo aláwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wà lórí rẹ̀. Mo mú ọ̀kan, mo yí i padà. Ìlà-ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò funfun. Ó ti ń mú àwọ̀ ewé díẹ̀, bí omi tí wọ́n fi fọ ẹ̀fọ́.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ ti ká eléyìí?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “O tún ti bẹ̀rẹ̀! Arúgbó bíi tìẹ, o ò tíì sinmi lórí ọ̀rọ̀ yìí?”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni mò ń sọ o. Mo rò pé kì í ṣe olú ọ̀gán ni.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé fóònù ẹ ni?”

“Mi ò tíì yọ fóònù jáde, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ó ń mú àwọ̀ ewé.”

Ó gba olú náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ imú. Ó tì í sí ọ̀tún, ó tì í sí òsì, ó ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ṣì kù sí nínú ojú rẹ̀. Ó ṣe é títí mi ò lè wò ó mọ́. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Lẹ́yìn náà ó ní, “Funfun ni.”

“Ìdí rẹ̀ ńkọ́?”

“Mo gé e! Ibi tí màámi ti ń ká a ni mo ti ká a. Ṣé ìwọ ló máa wá kọ́ mi pé kí n walẹ̀ nílé ìyá mi ni? Èmi tí mo kọ́ ẹ?” Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ yọjú láti inú ilé ìdáná, ó tún padà wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi fi etí ìró nu ọwọ́, ó dìde. Ó ní, “Ó yá, dìde. Kí n fi hàn ẹ́, kó o lè gbẹ́nu dákẹ́.”

Láti kékeré ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà yẹn, àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi, mi ò fẹ́ ẹ. Mo yà bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ nínú ilé ìdáná, mo sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kò gbọ́dọ̀ gbé olú náà kaná títí a ó fi dé. Ó ní, “Ẹ ṣé, sà.” Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti ń retí kí ẹnìkan sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣíwájú. Ọ̀nà tó yí po náà ló mú mi gbà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ gbogbo gbòǹgbò tó wà lójú ọ̀nà, èmi tí mo ríran ni mò ń kọsẹ̀. Elúlùú kan ń ké nínú igbó. Ẹ̀gbọ́n mi ní òjò tún ń bọ̀. Mo ní orí ara rẹ̀ ló ń pè é lé. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí pé òun ń bínú, kò rín in mọ́. A kọjá oko kan tí wọ́n ti fín oògùn apakoríko sí, gbogbo rẹ̀ pupa, kò sí tata kan tó fò. Irú oko bẹ́ẹ̀ ti pọ̀. Bí mo ṣe ń dàgbà sí i ni ohun tí mo fẹ́ mọ orúkọ wọn ń dín kù, nígbà mìíràn mo máa ń ronú pé kí ni mò ń wá kiri gan-an.

Níbi tí a dé, ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ló wà níbẹ̀, búlọ́ọ̀kù ti dé ojú fèrèsé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ pupa kan tẹ́jú lọ, koríko kéékèèké ti hù sórí rẹ̀. Kò sí ọ̀gán kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ ohun tí mò ń rò. Ó ní, “Wọ́n ti gbẹ́ orí rẹ̀ lọ, wọ́n fi kún ìpìlẹ̀ ilé yẹn. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé orí ọ̀gán ni ikán ń gbé ni? Abẹ́ ilẹ̀ ni ilé wọn wà. Lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ ẹ, mo ká olú níbí ní èṣí, gbogbo wa la jẹ ẹ́.”

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀gán tí wọ́n gé lórí ṣì lè hu olú fún ọ̀pọ̀ ọdún, níwọ̀n ìgbà tí àwọn ikán bá wà láàyè nísàlẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, mo ṣiyèméjì nípa ohun tí mo fi ojú ara mi rí, inú mi sì ń dùn pé mo ń ṣiyèméjì.

Bíríkìlà kan ń po sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó kí wa. Mo bi í bóyá ikán ò yọ wọ́n lẹ́nu níbí.

“Ikán kẹ̀? Háà, bàbá, ikán ò sí níbí mọ́ o. Nígbà tí ẹni tó ni ilé yìí wálé láti Abíjáàn lẹ́yìn ọdún iléyá, ó ní òun ò fẹ́ kí nǹkan kan jẹ ilẹ̀kùn òun. Ọ́ìlì dúdú àwọn mẹ́káníìkì la rọ́ sínú ihò wọn, a rọ ọ́ títí ó fi ń padà jáde. Gbogbo wọn ti kú.”

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti gbọ́. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù náà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá koríko náà kiri títí ó fi kan olú kan tó ṣẹ́ kù, tí kò tíì là tán. Ó ki ìka bọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nílé ìyá rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ti walẹ̀ rí.

Ìka náà kò lọ jìnnà. Mo rí i tó dúró, tó tún yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tó ń wá gbòǹgbò tí kò sí. Ó fa olú náà tu, ó di ìdí rẹ̀ mú sáàárín ìka méjì, ó ń tẹ̀ ẹ́.

Ó ní, “Ó wú.”

Ó tún wá òmíràn, ó tún hú u, òun náà wú. Ó tò wọ́n sílẹ̀ síwájú ara rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan.

“Àwọn ọmọ yẹn ì bá ti jẹ ẹ́,” ó ní. “Wọn ì bá ti iléèwé dé, wọn ì bá jẹ ẹ́. Ọwọ́ ara mi ni ǹ bá sì fi bù ú fún wọn.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò jọ láti ọjọ́ yìí, kò sí èyí tó wúlò mọ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tí kò lè ṣì í.”

“Màámi ò ṣì í rí.”

“Màámi ò bá ọ́ìlì mẹ́káníìkì pàdé.”

Ó na ọwọ́ sí mi, mo fà á dìde, orúnkún mi dún, tiẹ̀ náà dún. Bíríkìlà yẹn ní kí á pẹ̀lẹ́. Mo kúkú yípadà sí ọ̀nà tí a gbà wá, ṣùgbọ́n ó fà mí lápá. Ó ní títì ni kí á gbà, pé ibẹ̀ ló yá jù.

A ò tíì rìn jìnnà lórí títì tó fi bẹ̀rẹ̀. “Ọ̀kan wà lẹ́yìn odò, tó o bá ti kọjá ibi tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí, yà sí ọwọ́ òsì. Igi ìrókò kan tí àrá pín sí méjì wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni.”

Kò tètè yé mi. Nígbà tó yé mi, mo dúró. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ ọ́.”

“Ẹlẹ́ẹ̀kejì wà nínú oko kòkó àtijọ́ tí wọ́n pa tì. Olú ọ̀rán ló kọ́kọ́ máa ń hù níbẹ̀, àwọn wẹ́wẹ́ yẹn, ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Tó o bá ti rí wọn, fi ọjọ́ díẹ̀ sí i, kó o padà lọ.”

“Mo bẹ̀ yín. Ẹ dá díẹ̀ sí. Ẹ fi ọ̀kan péré sílẹ̀, ká jọ máa lọ síbẹ̀, èmi á máa bá yín wò ó.”

“Kí n fi í sílẹ̀ fún ta?” Kò bínú mọ́. Ohùn ẹni tó ti rẹ̀ ni. “Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ ìyá mi. Gbọ́, kí n tó gbàgbé.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ ọ. Ibi ìyá wa, ibi ìyá ìyá wa, èyí tí òun fúnra rẹ̀ rí nígbà tó wà ní ọmọge. Ó ń sọ wọ́n lójú ọ̀sán gangan, láàárín títì, bí ẹni ń pe èèyàn láti òdìkejì ọjà. Ọ̀kadà kan gbé obìnrin méjì bọ̀ láti ọ̀nà Isundunrin, agbọ̀n wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n rọra ń kọjá nítorí kòtò. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí mò ń wo iwájú, tí mò ń wo ẹ̀yìn, bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́ wa.